Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa lórí owó àyẹ̀wò jẹjẹrẹ

Òkun o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, Ààrẹ ẹgbẹ́ àti gbogbo ìgbìmọ̀. Òkun gbogbo ọmọ ìlú tó wà nílé, tó wà ní Lọ́kọ́já, Àbújá, Kàdúná, Èkó àti lókè òkun. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa síbí torí kì í ṣe ká lè dójú ti ara wa ni mo ṣe ń kọ̀wé, ẹni tọ́rọ̀ kàn á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, àwọn ìlú tó kù ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ náà lè kà á kí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa tiwọn.

Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ọmọ wa lókè òkun dá ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ní ká fi ṣe: ká ra kátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń ti bọ inú ẹ̀rọ, tí a ó fi máa yẹ àwọn obìnrin wò fún fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, lórí ẹ̀rọ GeneXpert tó ti wà ní láàbù wa tipẹ́ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ìpàdé Àjíǹde la dé tẹ́ ẹ sọ fún wa pé ẹ ti kó owó náà sí iná sólà ojú títì. Mo dìde pé kí n ṣàlàyé, bàbá wa kan wá ní, "Ṣé inú ara èèyàn lẹ fẹ́ lọ tan iná sí nígbà tí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn?" Gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Mi ò bínú sí bàbá. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, torí òótọ́ ni bàbá sọ, inú ara èèyàn gan-an la fẹ́ tan iná sí, kò sì sẹ́ni tó fún mi láyè kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ dáhùn báyìí, kí gbogbo ìlú gbọ́.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iná tó jẹ́. Lásìkò kàṣú, tí àwọn oníṣòwò bá kó owó dé, ẹ máa ń rí àwọn ìyá tó ń mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí iná rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, wọ́n á tàn án sí náírà, ibì kan lára owó á sì tàn yòò. Iná tó wọlé kọ́ ló jáde yẹn o. Àwọ̀ kan wọlé, àwọ̀ míì jáde. George Stokes ní Ìlú Ọba ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1852. Nígbà tó di 1871, Adolf von Baeyer ní Jámánì po aró kan tí wọ́n ń pè ní fluorescein tó máa ń tàn bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ojú ṣì ń kán an sójú èèyàn títí dòní láti fi mọ ibi tí ojú ti họ.

Àmọ́ aró lásán ò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ara tó dá. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà láàárín wa á tètè yé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹ máa ń so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn. Ajá ló mọ òórùn ẹran, ṣaworo ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ajá wà nínú igbó. Ohun tí àwa oníṣẹ́ láàbù ń pè ní fluorescent probe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan lára rẹ̀ mọ ohun tó ń wá, ó lè jẹ́ DNA fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ nǹkan tó pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ju ara tó kù lọ, apá kejì ni aró tó ń tàn. Èyí tó tún wá gbọ́n jù ni àwọn tí wọ́n fi nǹkan bò mọ́lẹ̀, bíi pé èèyàn ki àkísà bọ inú ṣaworo kó má bàa dún láìnídìí, ìgbà tí ajá bá mú ẹran gan-an ni àkísà á tó já bọ́. Kó tó rí ohun tó ń wá, kò ní tàn. Tó bá ti rí i, á tàn.

2. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ wa nìyẹn, ẹ̀rọ tí ẹ máa ń bá lórí tábìlì tẹ́ ẹ bá wọlé, tẹ́ ẹ rò pé fún ikọ́ nìkan ni. Tí wọ́n bá fẹ́ wá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, probe tó ń tàn ni wọ́n fi ń wá a, gbogbo èèyàn ìlú yìí tí wọ́n ti yẹ̀ wò níbẹ̀, irú ìmọ́lẹ̀ yìí ló sọ èsì wọn. Kátíríìjì míì ni wọ́n á kàn ti bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kan náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá HPV, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Oríṣi HPV tó léwu mẹ́rìnlá ló ń wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, oríṣi 16 dá wà, 18 àti 45 wà pọ̀, àwọn tó kù wà ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Bíi wákàtí kan péré ni. Ẹ̀rọ tiwa ní ojú mẹ́rin, ìyẹn ni pé obìnrin mẹ́rin la lè yẹ̀ wò papọ̀. Àárọ̀ la máa ń ṣe ti ikọ́ ife, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹ̀rọ ti ń sinmi. Mo sì ti bá àwọn tó ni ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọn ò kọ̀ ká lò ó lọ́sàn-án, kátíríìjì la ò ní.

Kò sí pé obìnrin kan á dùbúlẹ̀ kẹ́nì kankan máa wo ojú ara rẹ̀ tí kò bá fẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ìyá wa sá nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọkùnrin ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á fún un ní igi kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí, á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, á fúnra rẹ̀ fi gba omi ojú ara rẹ̀, á fi í sínú ìgò omi, ó parí. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, pàápàá ti fọwọ́ sí i pé kí obìnrin máa gbà á fúnra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ yìí kì í sọ pé obìnrin kan ti ní jẹjẹrẹ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fáírọ́ọ̀sì yìí, ara wọn á lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá lọ́ra tí kò lọ ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ lára obìnrin tí ara rẹ̀ le, ẹni tí ara rẹ̀ ò le lè máa tó ọdún 10. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Àrùn tó ń fún èèyàn ní ogún ọdún kó tó pa á, a ò rí i torí pé ẹnì kankan ò wò ó.

3. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìdánwò tàbí àlá àwọn òyìnbó ni mo ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ yìí ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ níbòmíì. Ẹni tí jẹjẹrẹ kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀ á mu nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní 5-ALA ní bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á sọ ọ́ di nǹkan míì tó máa ń kó jọ sínú wọn, dókítà á wá tan iná búlúù, jẹjẹrẹ á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi tí ojú lásán ò ti lè rí ìyàtọ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, tí wọ́n bá lo ìmọ́lẹ̀ yìí, èèyàn 65 nínú 100 ni wọ́n gé gbogbo èyí tó hàn kúrò fún, tí wọn ò bá lò ó, 36 ni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2017. Ti jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin dé ní 2021, Cytalux ni wọ́n ń pè é, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n so mọ́ aró yẹn? Irú nǹkan kan náà pẹ̀lú folic acid tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún àwọn aboyún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yẹn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bó ṣe ń gbé e mì ló ń gbé aró mì. Ti ọmú, tí wọ́n ń pè ní Lumisight, wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun gan-an ni irú èyí tí mo sọ pé àkísà wà nínú ṣaworo rẹ̀: kò ní tàn àfi tí àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn nǹkan inú ara tó ń gé nǹkan míì sí wẹ́wẹ́, tó pọ̀ níbi tí jẹjẹrẹ wà bá gé e, dókítà á sì fi wo inú ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn tó bá ti yọ kókó, bóyá ó ṣẹ́ kù.

Òmíràn nínú àwọn aró yìí, ojú wa ò lè rí ìmọ́lẹ̀ wọn, kámẹ́rà ló ń rí i. Ẹ fi iná fóònù sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín lálẹ́ òní, pupa nìkan lẹ máa rí, torí pé ẹ̀jẹ̀ ń gbé àwọn àwọ̀ yòókù mì. Èyí tó kọjá pupa lọ ló tún ń wọnú ẹran jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po aró tó ń tàn lọ́hùn-ún.

Mi ò béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí o. Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ayé dé ni, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ ló wà lórí tábìlì wa tí a ò lò. Ní 2008, ọdún kan náà ni wọ́n fún Shimomura, Chalfie àti Tsien ní ẹ̀bùn Nobel torí ohun tó ń tàn tí wọ́n rí lára ẹja jeli inú òkun tí wọ́n wá fi ń wo inú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sì fún Harald zur Hausen ará Jámánì ní tiẹ̀ torí òun ló fi hàn pé HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ọ̀tá yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní iná tí wọ́n fi ń wá a.

4. Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò ìyá mi, Ìyá Kékeré là ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ gààrì rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀. Ó fi pamọ́. Ó ní bóyá iṣẹ́ oko ni. Nígbà tó sọ fún mi, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ká gbé e lọ sí Ìlọrin fúnra wa torí àwọn ò ní ẹni tó ń wò ó. Èmi ni mo gbé e lọ nínú ike, lórí ẹsẹ̀ mi, nínú mọ́tò, gbogbo bí a ṣe ń gba inú kòtò ni mo ń dì í mú. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà lọ, wọn ò rí i. Wọ́n ní kó wá tún un gé. Nígbà tí èsì jáde nígbẹ̀yìn, dókítà ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ mọ́, oògùn ìrora ló kọ.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Mo dúró síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀, torí ibi òkú kì í ṣe ibi àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí: kì í ṣe ọlọ́jọ́ ló dé sí Ìyá Kékeré. Àìsàn ni, àìsàn tó ṣeé wò, tí a ò wò. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fún un ní búrọ́ọ̀ṣì yẹn nígbà tó wà lẹ́ni ogójì ọdún, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa yan gààrì títí dòní.

WHO sọ pé lọ́dún 2022 nìkan, obìnrin bíi 660,000 ni àrùn yìí mú lágbàáyé, bíi 350,000 ló sì kú, nínú 100 tó kú, 94 ló jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ sí. Wọn ò ka ọ̀pọ̀ èèyàn tiwa mọ́ ọn, torí ẹni tó bá kú sílé láìsí èsì kankan, "inú rírun" ni wọ́n máa ń kọ.

5. Mo mọ èsì tẹ́ ẹ máa fún mi, torí mo ti gbọ́ ọ lórí WhatsApp ìlú.

Ẹ ní àwọn ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fún. Ta ni yóò wo ìyá ọmọ náà? Ta ni yóò wo ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹni àádọ́ta ọdún? Oríṣi 35 tó wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀ ò tiẹ̀ sí nínú abẹ́rẹ́ yẹn. WHO ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí ní ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 5 sí 10, ẹni tó bá ní HIV kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 25, torí ewu tiẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po mẹ́fà.

Ẹ ní ètò ààbò. Èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ẹ̀rù ò ba èmi náà. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà oko wa di ibi tí a ò lè dá gbà mọ́, ẹni tó bá ní ká tan iná sẹ́nu ọ̀nà ìlú ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ rò ó. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni obìnrin kan máa gba ọ̀nà yìí kan náà lọ sí Ìlọrin kó tó gba èsì? Lílọ, bíbọ̀, àtúnlọ, àtúnbọ̀, òun àti ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Tí a bá ṣe àyẹ̀wò yìí nílé, ìyẹn náà ti dín èèyàn kù lójú ọ̀nà. Ètò ààbò nìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ ní owó ò tó méjèèjì. Ó lè má tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó yìí ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn tó fi ránṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn, ìyá rẹ̀ ni àrùn yìí pa.

6. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí.

Ẹ dá owó náà padà sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Tí apá kan bá ti wọ ọwọ́ kọnturakítọ̀, ẹ sọ iye tó jẹ́ fún wa níwájú gbogbo ìlú, kẹ́ ẹ dá ìyókù padà kíákíá, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí àwọn ọmọ wa lókè òkun fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu èmi ni wọ́n ti máa gbọ́.

Lára sólà tẹ́ ẹ ti rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún láàbù ní páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, torí tí iná bá lọ láàárín àyẹ̀wò, kátíríìjì yẹn ti bàjẹ́, a ò lè tún un lò. Kẹ́ ẹ tó ra àwọn kátíríìjì náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ọjọ́ tí wọ́n á bàjẹ́, kí ẹnì kankan má bàa ta èyí tó ku oṣù méjì fún wa.

Ẹ má ra àyẹ̀wò kẹ́ ẹ má ra ìtọ́jú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí nọ́ọ̀sì ń dì lọ́wọ́, tó ń lo bátìrì, ooru rẹ̀ ló fi ń jó ibi tó ń bàjẹ́ lẹ́nu ilé-ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, obìnrin á sì rìn lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká ra ẹyọ kan ká sì rán nọ́ọ̀sì wa méjì lọ kọ́ ọ. Kéèyàn sọ fún obìnrin pé nǹkan wà lára rẹ̀, kó wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìkà ni, mi ò ní lè ṣe é.

Ẹ fi obìnrin méjì kún ìgbìmọ̀ owó. Ọkùnrin méje ló jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò rò pé ẹ ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú yín tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tó ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a gbọ́ pé owó ń bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe é. Mo rò pé wọn ò ní wá. Wọ́n wá. Wọ́n ń ti oko kàṣú wá, àwọn kan wá pẹ̀lú ìyá ọkọ wọn, ìyá arúgbó kan fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé kejì. Wọ́n jẹ́ 63 nínú ìwé mi. Pẹ̀lú ojú mẹ́rin tí ẹ̀rọ wa ní, ọ̀sán mẹ́rin péré la fi máa ṣe gbogbo wọn tán.

Ọjọ́bọ̀ ọjà ni wọ́n máa ń yà ní láàbù láti bèèrè bóyá nǹkan náà ti dé. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí ni kí n sọ fún wọn?

Èmi ni,
ọmọ yín ní láàbù.